Bí Gbogbo Ayé Bá Lè Ka Kóòdù, Níbo Ni Olè Ń Fara Pamọ́ Sí?

Irú sọ́fíwíà kan wà tí àwọn tó kọ ọ́ kì í fi kóòdù rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá wù lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lè dà á kọ, ó lè tún un ṣe, kò sì ní san kọ́bọ̀. Sọ́fíwíà gbangba ni mo máa pè é nínú orí yìí. Linux tó wà lábẹ́ fóònù Android jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Firefox jẹ́ ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró sì dúró lé wọn lórí. Àwọn tó fẹ́ràn wọn máa ń sọ pé bí ojú bá ti pọ̀ lára kóòdù, kò sí ibi tí ẹni ibi lè fi nǹkan pamọ́ sí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àṣírí tú pé ẹnì kan ti fi ohun tó ju ọdún méjì lọ rọra wá àyè títí tó fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ọ̀kan nínú àwọn sọ́fíwíà wọ̀nyí. Gbangba ni kóòdù náà wà. Àwọn ènìyàn sì ń kà á. Níbo wá ni ẹni náà gbà wọlé?

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ekpan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Ibẹ̀ ni ilé ìfọpo tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 1978 wà. Epo rọ̀bì ń gba inú páìpù wá síbẹ̀ láti Escravos. Epo yìí kò ṣeé bù sínú mọ́tò, kò ṣeé bù sínú jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá gbé àgbá mẹ́wàá rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò lè fi tan gílóòbù kan ṣoṣo. Ó dìgbà tí wọ́n bá sè é nínú ilé ìfọpo, tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó di pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù. 125,000 àgbá lójúmọ́ ni agbára ilé ìfọpo náà bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dákẹ́. Ní òpin ọdún 2024 wọ́n kéde pé ó ti jí, oṣù kan kò sì pé tó tún fi dúró. Ní gbogbo ọdún tó fi dákẹ́ yẹn, epo kò tán nílẹ̀ Delta. Ohun tó wà láàárín epo rọ̀bì àti táńkì mọ́tò ni kò ṣiṣẹ́.

Epo rọ̀bì ni kóòdù. Ohun tí ẹni tó ń kọ sọ́fíwíà tẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àti àmì tí ènìyàn lè kà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ló gbọ́. Ètò kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ̀ǹpáílà ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ògbufọ̀. Bí sọ́fíwíà bá jẹ́ fáìlì kan péré, ògbufọ̀ nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n kóòdù Linux lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù ìlà, inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ló sì wà. Èwo la ó kọ́kọ́ túmọ̀? Èwo ló ń dúró de èwo? Irú kọ̀ǹpútà wo la ń ṣe é fún? Ohun tó ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, tó ń pe ògbufọ̀ sẹ́nu iṣẹ́, tó sì ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odindi tó ṣeé lò, ni mo máa pè ní ètò ìtòjọ. Òun ni ilé ìfọpo ti sọ́fíwíà. Kóòdù tí à ń kà kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń lò. Ohun tó ti inú ètò ìtòjọ jáde ló ń lò. Ibi tí ojú púpọ̀ ń wò sì kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú sọ́fíwíà tó bá iṣẹ́ Warri mu, ká fi tọ ọ̀nà yìí. Ní Effurun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri kan náà, níbi tí Petroleum Training Institute àti yunifásítì àpapọ̀ fún ìmọ̀ epo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007 wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí epo, gáàsì àti omi ṣe ń rìn nínú ihò tínńtínní inú àpáta abẹ́ ilẹ̀. Sọ́fíwíà ni wọ́n fi ń ṣe àfarawé ìrìn náà, kí iléeṣẹ́ tó náwó lórí kànga. Èyí tí àwọn iléeṣẹ́ epo ńlá ń rà kọjá àpò akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ gbangba wà, OPM Flow ni wọ́n ń pè é, àwọn olùwádìí àti iléeṣẹ́ ní Norway, Jámánì àti ibòmíràn ló jọ ń kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní láptọ́ọ̀pù àti dátà lè fà á sọ̀kalẹ̀ lónìí.

Kóòdù ló fà sọ̀kalẹ̀, epo rọ̀bì. Ó pín sí apá bíi mélòó kan. Apá tó ń jẹ́ opm-common ló ń ka fáìlì tí wọ́n fi ṣàpèjúwe àpáta àti kànga. Opm-grid ló ń pín àpáta náà sí àpótí kéékèèké. Opm-simulators ló ń ṣe ìṣirò gan-an. Ẹ̀kẹta gbára lé èkejì, èkejì gbára lé àkọ́kọ́, OPM sì tún nílò DUNE, àkójọ iṣẹ́ ìṣirò kan tó fìdí múlẹ̀ ní àwọn yunifásítì Jámánì, àti Boost, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ èdè C++ ń lò. Ohun tí sọ́fíwíà kan ń dúró dè báyìí kó tó lè di odindi ni àgbáralé rẹ̀. Bí ẹ bá gbé opm-simulators ka iná kí opm-grid tó jinná, òfo ni. Ètò ìtòjọ OPM, tí wọ́n fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ CMake kọ, ló mọ ẹni tó gbára lé ẹni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí CMake ń ṣe ni ìwádìí, nítorí kò mọ irú kọ̀ǹpútà tó bá ara rẹ̀ lórí. Ògbufọ̀ wo ló wà níbí? Ẹ̀dà èwo ni? Ṣé Boost wà? Ṣé ẹ̀rọ yìí mọ iṣẹ́ báyìí-báyìí ṣe? Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà tó ń gbà béèrè, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú. Fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè, á kọ ètò kékeré kan, ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin, tó lo ohun tó ń wá, á sì gbé e fún ògbufọ̀. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ rẹ̀, ìdáhùn ni “bẹ́ẹ̀ ni”. Bí ògbufọ̀ bá kọ̀ ọ́, ìdáhùn ni “rárá”, ètò ìtòjọ á sì gba ọ̀nà mìíràn lọ láìpariwo. Kò ní béèrè ìdí tí ògbufọ̀ fi kọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ohun náà kò sí lórí ẹ̀rọ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ìdánwò náà ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Lójú ètò ìtòjọ, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Lẹ́yìn ìwádìí, á ya àwòrán ìgbáralé, fáìlì sí fáìlì, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù kékeré, OPM lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì lè jẹ mẹ́mọ́rì tán pátápátá. Ní Effurun tí iná ọba lè lọ nígbàkígbà, ohun tí ènìyàn máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ nìyí: bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ la ó tún padà sí ni?

Rárá o. Ọpẹ́ ni fún Stuart Feldman. Ní ọdún 1976, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, akẹgbẹ́ rẹ̀ Steve Johnson fi odindi òwúrọ̀ kan wá àṣìṣe nínú ètò kan tí kò ní àṣìṣe mọ́. Johnson ti tún kóòdù náà ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì gbé fáìlì tó tún ṣe fún ògbufọ̀; ti àtijọ́ ló ń dán wò. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti jẹ Feldman fúnra rẹ̀ rí. Láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan ó kọ irinṣẹ́ tó pè ní Make, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò ìtòjọ tó tẹ̀ lé e sì ń lo ọgbọ́n rẹ̀ títí dòní. Gbogbo fáìlì orí kọ̀ǹpútà ló ní òǹtẹ̀ àkókò, ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Bí òǹtẹ̀ kóòdù bá tuntun ju òǹtẹ̀ ohun tí a túmọ̀ láti inú rẹ̀, Make á tún un túmọ̀, àti òun àti gbogbo ohun tó gbára lé e. Bí kò bá tuntun jù ú, Make á fò ó. Nítorí náà, bí iná bá lọ tó sì padà dé, ohun tó ti jinná ti jinná, ìyókù nìkan ló kù láti sè.

Ọgbọ́n yìí gbọ́kàn lé aago kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú lè padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá pa á. Bí ẹ bá wá tún kóòdù ṣe lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ àtijọ́ ló máa gbà, Make á sì fò ó kọjá. Ẹ tún aago ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Feldman fi ohun mìíràn sílẹ̀ fún ayé. Ó ṣètò rẹ̀ pé kí ìlà àṣẹ nínú fáìlì Make máa fi àmì táàbù bẹ̀rẹ̀, àlàfo lásán kò tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó rí i pé kò dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ènìyàn méjìlá ti ń lò ó, kò sì fẹ́ da iṣẹ́ wọn rú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọsẹ̀ lára táàbù yẹn di òní olónìí. Mo ka ìtàn yìí sí pàtàkì ju bó ṣe rí lọ, torí ó sọ ohun tó ń mú iṣẹ́ olùtọ́jú ètò ìtòjọ le: kò sí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ tí ẹnì kan níbì kan kò gbára lé. Bí olùtọ́jú bá yí orúkọ fáìlì kan padà ní Oslo, ẹnì kan lè jí ní Effurun kó rí i pé iṣẹ́ òun kò lọ mọ́.

Bí kò bá sì yí ohunkóhun padà, ayé á yí i padà fún un. Ní ọdún 2024, ẹ̀dà 14 ti ògbufọ̀ GCC kọ àwọn àṣà àtijọ́ kan nínú èdè C tó ti ń gbójú fò láti ọdún pípẹ́. Ìpinnu tó dára ni. Àmọ́ nínú àwọn ìdánwò kéékèèké tí mo ṣàlàyé lókè, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ti ogún, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àṣà yẹn ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Ògbufọ̀ tuntun kọ̀ wọ́n. Ètò ìtòjọ gbọ́ “rárá”. Sọ́fíwíà lè jáde báyìí kí apá kan má sí lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Àwọn olùtọ́jú ní Fedora àti Gentoo, tí wọ́n ń to Linux jọ láti pín in fún ayé, ti ń yẹ àwọn sọ́fíwíà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀dà náà tó jáde, kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ìròyìn wọn, torí iṣẹ́ tó lọ dáadáa nídìí ètò ìtòjọ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí olè wa.

Sọ́fíwíà tí wọ́n ń pè ní xz ń fún fáìlì mọ́ra kó lè kéré. Láíbírì rẹ̀, liblzma, ìyẹn apá tí àwọn sọ́fíwíà mìíràn lè yá lò, wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà Linux. Ẹnì kan ní Finland, Lasse Collin, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìgba owó. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá, kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó dá wọn lóhùn pé ọkàn òun ti ń rẹ̀wẹ̀sì tipẹ́, pé iṣẹ́ ìfẹ́ lásán sì ni. Ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan ti wà nítòsí láti ọdún 2021, ó ń fi àtúnṣe tó dára ránṣẹ́, ó ní sùúrù, ó ń ran ni lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ó di igbákejì olùtọ́jú, ó sì gba àṣẹ láti máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣe kò sí nínú kóòdù tí ènìyàn ń kà. Ó pín in sí méjì. Apá kan wà nínú àwọn fáìlì ìdánwò. Sọ́fíwíà bíi xz gbọ́dọ̀ ní àwọn fáìlì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n lè máa fi dán an wò bóyá ó dá bíbàjẹ́ mọ̀. Rúdurùdu ni irú fáìlì bẹ́ẹ̀ máa ń rí, kò sì sí ẹni tó ń kà wọ́n. Apá kejì ni ìlà àṣẹ díẹ̀ tó máa tú ti àkọ́kọ́ jáde. Inú fáìlì ètò ìtòjọ kan, build-to-host.m4, ló fi èyí sí. Fáìlì náà kò sí nínú Git, ibi tí kóòdù ń gbé tí gbogbo ayé ń wò. Inú ẹrù ìtẹ̀jáde nìkan ló wà, ìyẹn dídì kan tí olùtọ́jú máa ń dì nígbà tó bá fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ohun tó wà nínú ẹrù fi yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú Git? Ìdí rẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1991, David MacKenzie bẹ̀rẹ̀ Autoconf, irinṣẹ́ tó ń kọ àwọn ìdánwò ìwádìí náà fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ to sọ́fíwíà jọ má bàa ní láti wá Autoconf, olùtọ́jú ló máa ń lò ó nílé, á sì di ohun tó bá kọ mọ́ ẹrù náà. Ohun tó sì ń kọ máa ń gùn lọ bíi tírélà tó tò sí ọ̀nà èbúté, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà tó ṣòro kà. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé ẹrù á ní ohun tí kò sí nínú Git, wọn kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àlàfo tó bófin mu yẹn ni olè náà kó sí.

Nígbà ìwádìí, ìlà àṣẹ rẹ̀ tún ń ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ṣé Linux ni, lórí ọpọlọ irú ti Intel àti AMD? Ṣé GCC ni ògbufọ̀? Ṣé àwọn oníṣẹ́ Debian tàbí Fedora ló ń to sọ́fíwíà yìí jọ láti pín in fún ayé? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ rárá, kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá tò ó jọ lásán nílé rẹ̀ kò ní rí ohunkóhun. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, á fa ilẹ̀kùn náà yọ láti inú fáìlì rúdurùdu, á sì so ó mọ́ liblzma. Lórí Debian àti Fedora, láíbírì yìí ń tẹ̀ lé òmíràn dé inú ẹ̀rọ SSH, èyí tí àwọn alábòójútó fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lè máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ̀dà 5.6.0 jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, 5.6.1 ní oṣù Kẹta. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́fíwíà ìtọ́jú dátà PostgreSQL ní Microsoft, ń wọn bí nǹkan ṣe ń yára sí nígbà tó rí i pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH ti fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ sí i. Kò fi ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí dé liblzma, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Inú àwọn ẹ̀dà tí Debian, Fedora àti openSUSE ṣì ń dán wò tàbí tí wọ́n ń yí padà lójoojúmọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò tíì dé èyí tí Debian ń fún àwọn tó fẹ́ ohun tó dúró sójú kan.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí Collin ń yẹ ohun gbogbo wò, ó rí ohun mìíràn nínú fáìlì CMake ti xz. Ìdánwò kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá Linux ní Landlock, ààbò kan tó ń dín ohun tí ètò kan lè fọwọ́ kàn kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan nínú ìdánwò náà, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo dá wà, tóńtó kan báyìí. Kò sí ògbufọ̀ C tó máa gba irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn á máa jẹ́ “rárá” títí ayé, lórí gbogbo ẹ̀rọ, ààbò náà kò sì ní tan. Ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ̀ pé ètò ìtòjọ kì í béèrè ìdí.

Kí wá ni àwọn olùtọ́jú ń ṣe sí i? Iṣẹ́ kan ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2013, tí àwọn ará Debian ṣáájú nínú rẹ̀: ìtòjọ aláìyàtọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé bí ẹnì kan ní Effurun àti ẹnì kan ní Helsinki bá to kóòdù kan náà jọ pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà, kí ohun tó jáde bára mu, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Ó dà bí ohun tó yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò ìtòjọ máa ń fi ọjọ́ àti wákàtí sínú ohun tó ń ṣe, ó máa ń fi orúkọ fódà tó wà sí i, nígbà mìíràn ó máa ń to fáìlì bó ṣe bá wọn lórí dísíìkì. Wọ́n ní láti wá gbogbo wọn rí, kí wọ́n yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísinsìnyí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fíwíà tí Debian ń pín ti bára mu. Bí ilé ìfọpo kan bá wá ń da nǹkan mọ́ epo, ti èkejì kò ní bá a dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ìtòjọ aláìyàtọ̀ nìkan kì bá tí mú olè xz. Ẹrù kan náà tó ti ní ìdọ̀tí nínú ni Effurun àti Helsinki ì bá fà sọ̀kalẹ̀, ohun tó máa jáde níbi méjèèjì ì bá sì bára mu régé. Ohun tó kù láti ṣe ni kí ẹrù náà fúnra rẹ̀ ṣeé tọ padà sí Git, kí ẹnikẹ́ni lè tún un dì kó sì rí i pé kò sí àfikún. Àwọn kan ti fi ẹrù sílẹ̀ pátápátá, tààrà láti inú Git ni wọ́n ń to sọ́fíwíà jọ. Ọ̀ràn owó náà wà ńbẹ̀: láti ọdún 2022 ìjọba Jámánì ti dá Sovereign Tech Fund sílẹ̀ láti máa sanwó fún irú iṣẹ́ ìtọ́jú yìí, ìgbésẹ̀ tó yẹ kí àwọn ìjọba àti báńkì tó ń jẹ nínú sọ́fíwíà gbangba ti gbé tipẹ́.

Collin gba xz padà. Ó yọ àwọn fáìlì náà kúrò, ó sì gbé ẹ̀dà 5.6.2 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Bí ẹ bá ní dátà díẹ̀, ẹ lè fa ẹrù sọ́fíwíà àtijọ́ kan tó ń lo Autoconf sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fa kóòdù rẹ̀ láti inú Git pẹ̀lú, kí ẹ fi àṣẹ diff wé méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó máa jáde á kún ojú kọ̀ǹpútà yín, ojú ìwé lórí ojú ìwé, ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kò sì ní ibi nínú. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú báyìí ni láti máa dín in kù, fáìlì kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tó fi máa kéré tó ohun tí ènìyàn kan lè jókòó kà tán kí ilẹ̀ tó ṣú.